Ohùn Ìyá Mi Nínú Ìpolówó Àwọn Olóṣèlú

Òórùn méjì ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá mi ní Ofin, ní Ṣàgámù. Àkọ́kọ́ ni ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, tí ìyá mi kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Èkejì ń ti àgbàlá ẹ̀gbẹ́ wa wá, lọ́dọ̀ Alhájà tó ń ta obì: òórùn ewé tútù àti obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tó máa ń ta èèyàn nímú díẹ̀ bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, o ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ìdí tí n kì í fi í dá sí i bí ẹ bá ń jiyàn ẹgbẹ́ òṣèlú nínú yàrá àwọn olùkọ́, àti ìdí tí ojú mi fi máa ń yí padà bí ìpolówó bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. N kò dá ọ lóhùn nígbà náà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ báyìí, torí ó ti ń wúwo jù fún èmi nìkan.

Ìyá mi kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe olóyè, ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá gbà kọjá láti Ofin títí dé Ijoku, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn o" ni wọn yóò máa ké sí i. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi gbẹ̀bí ní ilé ìlera kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn oríta ńlá tí ọ̀nà Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Bìní ti pàdé. Ilé onífèrèsé márùn-ún péré ni. Ó mọ ìtàn ìbí àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń hu irùngbọ̀n. Mo rántí ọjọ́ kan tí géńdé kan gbé wa sínú máruwá rẹ̀, tó ń fi eré burúkú wà á. Ìyá mi fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó ní, "Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ síta lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ. Abájọ. Rọra." Géńdé náà wẹ̀yìn, ó dá a mọ̀, ó sì wa máruwá yẹn bí ẹni tó gbé ẹyin títí tó fi gbé wa délé. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ilé ìlera náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ lọ fún àtúnṣe, kò padà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan lọ síbòmíràn, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ìyá mi a máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá padà dé, á bọ́ bàtà, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. O mọ̀ mí sí olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ pé nígbà náà mo ní iṣẹ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣọ̀n máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù kí n bá wọn tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Ti ọṣẹ ìfọṣọ ni, ti èròjà ọbẹ̀ ni, ti oògùn ibà ni. N kò lè parọ́ fún ọ, orí mi máa ń wú. Bí mo bá gbọ́ gbólóhùn tí mo jókòó hun lórí àga ìdáná mi, tí arẹwà obìnrin kan ń fi ohùn dídùn sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń wo ojú àwọn tó wà nítòsí bóyá wọ́n gbọ́ bó ṣe dùn tó. Ìyá mi nìkan ni kò dùn mọ́ nínú. Lọ́jọ́ kan, a jọ ń wo ìpolówó èròjà ọbẹ̀ kan. Ìyàwó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó di ojú, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Ọbẹ̀ tí kò tíì hó ló ń tọ́ wò yẹn. O ò rí i pé èéfín kankan kò jáde nínú ìkòkò?" Mo ní, "Màámi, ìpolówó lásán ni." Ó ní ohun tó ń bí òun nínú gan-an nìyẹn. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹni tó bá ń polówó èkuru kiri àdúgbò, gbogbo ayé ló mọ ilé rẹ̀. Bí èkuru náà bá kan, wọn á ru igbá lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó wà nínú àpótí yẹn ńkọ́? Ta lo fẹ́ lọ bá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni.

Ọdún ìdìbò ni ọdún yẹn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń tutù bí omi àmù, pè mí ní àárọ̀ Sátidé kan. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìpolongo lórí ìlera ìyá àti ọmọ, pé ojúlówó èèyàn ni àwọn ń wá, kì í ṣe òṣèré. Ó ní ṣé mo mọ agbẹ̀bí àgbà kan ní agbègbè Rẹ́mọ tí àwọn èèyàn fọkàn tán. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Ìyá mi ni." Ọ̀rẹ́ mi, ó yá mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé nǹkan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé máa pàdé lójú kan náà.

Wọ́n dé ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ funfun kan. Nígbà tí wọ́n ṣí búùtù láti kó iná àti kámẹ́rà sílẹ̀, mo rí páálí kan tí wọn kò dé dáadáa. Fìlà ló kún inú rẹ̀, fìlà tuntun, tí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà níwájú wọn. Mo fa ọ̀gá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti òṣèlú kọ́ lẹ bá wá?" Ó fọwọ́ bà mí ní apá, ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ tọ̀la nìyẹn. Ti ìlera la bá wá síbí." Mo gbà. Mo fẹ́ gbà ni. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn nílé ẹ̀kọ́ pé ìyá mi máa jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ara mi kò sì lè gbà á pé kí n ní kí wọ́n máa lọ. Páálí yẹn ṣì wà lójú mi bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá mi ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ funfun, èyí tó ti fi pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀. Ó ti fún un díẹ̀ níkùn. Wọ́n gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, Alhájà sì fi obì ṣíṣà sílẹ̀, ó wá fẹ̀yìn ti ògiri kó lè máa wò. Ọ̀gá náà ní, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó bá wà lọ́kàn yín nìkan ni kí ẹ sọ." Ìyá mi sì sọ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo lè kà á lórí fún ọ báyìí. Ó ní, "Nígbà tí mo wà níbẹ̀, iná ń tàn, omi ń yọ, oògùn wà. Aboyún á wọlé, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Ẹ lọ wò ó. Ẹ lọ wò ó." Nígbà tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ já. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi bo ìtìjú, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí omi bá fẹ́ bọ́ lójú wọn níwájú àlejò. Ọ̀gá náà ní ó dára púpọ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní yóò jáde ṣáájú ìròyìn. Alhájà gbé àga tirẹ̀ wá. Ìyá mi wé gèlè nínú ilé ara rẹ̀, bíi pé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà yóò rí i. Orin bẹ̀rẹ̀, a sì rí yàrá ìwòsàn kan tó ń dán bíi dígí, bẹ́ẹ̀dì funfun mẹ́wàá nínú rẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Ojú ìyá mi wá yọ, ó tóbi, ó rẹwà, ewé máńgòrò ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Iná ń tàn, omi ń yọ, oògùn wà. Aboyún á wọlé, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ wò ó." Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ orúkọ abúlé ilé ìlera náà sábẹ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àmì ẹgbẹ́ yọ, àmì orí fìlà wọ̀nyẹn gan-an, ọkùnrin kan sì fi ohùn ńlá sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí a tún dìbò fún wọn.

Alhájà ló kọ́kọ́ ní, "Bóyá wọ́n ṣì máa gbé ìyókù wá." A sì dúró lóòótọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń retí ìyókù. Ìpolówó nuudù ló tẹ̀lé e, àwọn ọmọdé ń jó. Ìyá mi yíjú sí mi. "Ètirí?" ló sọ, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe máa ń béèrè pé kí ló dé. "'Nígbà tí mo wà níbẹ̀' tí mo sọ dà? 'Lónìí ńkọ́' tí mo sọ dà?" Mo mọ ibi tó wà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní gírámà ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà nítorí àná tàbí òní. "Iná ń tàn" lè jẹ́ ti ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ti ìṣẹ́jú yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ fún wa èyí tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni wọ́n gé. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìyá mi lẹ́nu. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ló sọ lóòótọ́, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Mo pe ọ̀gá náà lọ́jọ́ kejì. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Àǹtí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá péré la ní. Dandan ni ká gé nǹkan." Mo ní wọ́n tàn wá. Ó ní àwọn tó gbé iṣẹ́ wá sọ pé ìlera ni àwọn máa kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá padà wọlé, torí náà ìpolongo ìlera ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mi mọ́. Ìpolówó náà sì ń jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Àwọn ará Ṣàgámù tó mọ ipò tí ilé ìlera yẹn wà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá mi lójú mìíràn. Wọ́n ní Ìyá Nọ́ọ̀sì ti jẹun níbẹ̀. Ẹnì kan tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ kí i lórí ìdúró. Ìyá mi sọ èyí fún mi láì gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló fọ́ ọkàn rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wá kí i láti Ìkẹ́nnẹ́, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lójú mi. Kì í ṣe ará Rẹ́mọ. Ohùn Èkìtì wà lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ìyá mi ní kó jókòó, kò jókòó. Iwájú bùláòsì rẹ̀ tutù, ó fi ìborùn bò ó, mo sì rí i pé ìyá mi ti rí i kí èmi tó rí i. Agbẹ̀bí ni. Ó mọ ohun tí wàrà tí kò rí ẹnu ọmọ máa ń ṣe. Ó ní, "Ọmọ dà?"

Obìnrin náà ní òun àti ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìtòsí oríta ni. Tírélà ni ọkọ òun ń wà, kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó ní ibi tí òun ti ń ṣe irun ni òun ti rí ìyá mi lórí tẹlifíṣọ̀n, òun sì sọ fún ọkọ òun pé ọkàn òun ti balẹ̀, pé ilé ìlera kan wà nítòsí. Nígbà tí ìrọbí mú un ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, ọ̀kadà ló gbé e débẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní òun gbá ilẹ̀kùn náà, gbá a, gbá a, òun rò pé wọ́n ń sùn ni. Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Àgbẹ̀ kan tó ń kọjá lọ ló bá a wá ọkọ̀ tó gbé e wá sí Ṣàgámù. Òun yè. Ọmọ náà, ọkùnrin, kò ké.

Ó ní, "Màmá, mi ò wá jà o. Mo kàn wá béèrè ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi. Gbogbo àwọn tó kù nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn, mi ò mọ ilé wọn."

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí orúnkún ń dùn ún, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ kékeré yẹn. N kò rí i rí kí ìyá mi kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ má fi ìkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi," ó sì ń gbìyànjú láti fà á dìde. Ìyá mi kò ṣàlàyé. Kò sọ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun. Èmi ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ó na ọwọ́ sí mi láìwo ẹ̀yìn, pé kí n dákẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sunkún tán, ó gbé omi kaná, ó mú obìnrin náà wọ yàrá, ó sì fi aṣọ gbígbóná bá a tọ́jú ọmú rẹ̀ tó ti wú. Mo jókòó sí pálọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń bá àwọn aboyún rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ wọlé lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo rí fìlà inú páálí. N kò wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń wá ibi tí yóò ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Mo bá a lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó gbà wá lálejò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní kì í ṣe ìròyìn ni ọ̀rọ̀ náà, ìpolówó ni, ẹni tó bá fẹ́ fèsì sí ìpolówó, àfi kó ra àkókò tirẹ̀. Bí a ṣe ń darí bọ̀, ìyá mi ní, "Ṣé òótọ́ náà wá di ọjà ni?"

Kò pẹ́ ni ẹgbẹ́ kejì tó ń bá wọn dupò gbọ́. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá búlúù wá sílé, òun àti ọ̀dọ́ méjì tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́. Ó mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí obìnrin yẹn wá. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn ẹni ibi ni wọ́n. A fẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín. A ó gbé e jáde lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìdìbò." Ó ní tí ó bá ṣeé ṣe, kí a pe ìyá ọmọ náà kí wọ́n jọ jókòó. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé ọ̀nà ti là. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, mo ní, "Màámi, ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí ayé gbọ́." Ó wò mí pẹ́, kì í ṣe ojú ìbínú, ojú àánú ni. Ó wá sọ fún ọkùnrin náà pé, "Tí ẹ bá wọlé, ọjọ́ wo lẹ máa ṣí ilẹ̀kùn ilé ìlera yẹn?" Ọkùnrin náà ní ìyẹn ń bọ̀ o, kí àwọn kọ́kọ́ wọlé ná. Ìyá mi ní, "Orúkọ ọmọ tó kú yẹn, ṣé ẹ béèrè?" Ọkùnrin náà ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ìyá mi ní, "Ẹ máa lọ, ọmọ mi. Àwọn ti àkọ́kọ́ fi ẹ̀rín mi ta ọjà. Ẹ̀yin fẹ́ fi ẹkún mi tà á."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ àwọn aboyún wò ní ọsibítù, ó máa ń wà níbẹ̀. Ó lọ sí ìjọ wa, ó lọ sí ìjọ ẹlòmíràn, Alhájà mú un lọ sí àárín àwọn obìnrin mọ́sáláṣí lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Jímọ̀. Ó lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun ní ìtòsí oríta. Ohun kan náà ló ń sọ: "Èmi ni obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹ má gba ohun tí mo sọ gbọ́. Ilé ìlera yẹn wà ní títì. Tí ìrọbí bá mú yín, Ṣàgámù ni kí ẹ forí lé tààrà." Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn mìíràn wo ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àhesọ ti gba ìlú pé ẹgbẹ́ kejì ti rà á, pé ìdí nìyẹn tó fi yí ohùn padà. Alhájà ló sọ fún un, torí ó ní kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá mi gbé ike omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kò wá sí ibi téèyàn lè dúró sí mọ́ tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ bàtà, ó jáde.

Ẹgbẹ́ kejì ló wọlé nígbà tí a dìbò. Àgádágodo ilẹ̀kùn yẹn kò mọ̀ pé ìjọba ti yí padà. Koríko rẹ̀ sì ń ga sí i. Ní ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá mi ṣubú, kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá ọmọ tó kú yẹn wá. Ó ti lóyún mìíràn, ìyá mi ló ń mú un lọ síbi àyẹ̀wò láti oṣù kẹta, n kò tilẹ̀ mọ̀. Ó dì mọ́ mi, ikùn rẹ̀ wà láàárín wa, ó ní, "Àǹtí, ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà bí èyí láìsí Màmá?" Ó bí i, obìnrin ni. Ó sọ ọmọ náà ní orúkọ ìyá mi.

Ìbá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, bóyá n bá lè máa bá yín jiyàn nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìdìbò mìíràn dé. Olóṣèlú tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìpolówó ìjọ́sí ti kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì, ó sì gbé ìpolówó rẹ̀ dání lọ. Mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi. "Iná ń tàn, omi ń yọ, oògùn wà." Mo gbójú sókè. Òun nìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò, nínú aṣọ funfun tó fún un níkùn. Orin náà kò yí padà, yàrá tó ń dán bíi dígí náà kò yí padà. Àmì ẹgbẹ́ tó wà níparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Fóònù mi dún kí ó tó tán. Obìnrin tó sọ ọmọ ní orúkọ ìyá mi ni. Ó ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí, mo rí Màmá. Mo pa tẹlifíṣọ̀n kíákíá, kí ọmọ má baà rí i." Mo ní èmi náà ti pa á.

Irọ́ ni mo pa fún un. N kò pa á. Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é. Fọ́tò ìyá mi pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí, n kò ní fídíò rẹ̀ kankan. Ta ló máa ń rò ó pé òun máa nílò ohùn ìyá òun? Ibì kan ṣoṣo tó ti ń mí, tó ti ń ṣẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i lára, ni inú irọ́ yẹn. Mo máa ń parí oúnjẹ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fa àga sún mọ́ ọn. N kò fi fóònù gbà á sílẹ̀, torí n kò fẹ́ kí irọ́ yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ibi tó ti rẹ́rìn-ín músẹ́ níparí ni mo ń dúró dè jù, torí èmi mọ̀ pé ẹ̀rín kọ́, ẹkún ló ń gbé mì, èmi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ìpolongo dópin ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, tí ìròyìn dé tí kò jáde, mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń jiyàn pé ẹgbẹ́ tèmi sàn ju tìrẹ, má bínú pé mo dákẹ́. Mo ṣì ń dìbò. Ìyá mi kò ní í dárí jì mí bí n kò bá ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé àmì ẹnikẹ́ni sórí mọ́, n kò sì lè gbọ́ ohùn dídùn kan lórí tẹlifíṣọ̀n kí n má béèrè ohun tí wọ́n gé kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé olóṣèlú ń jí owó, pé wọ́n ń jí ìbò. Èmi mọ̀ pé wọ́n lè jí ìyá èèyàn, kó sì wá jẹ́ pé ọwọ́ olè náà ni wàá ti máa lọ wò ó. Èyí tó ń pa mí lára jù níbẹ̀ ni pé olè náà kò fọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni mo mú un wọlé, tí mo gbé àga fún un.